Pólíìṣì Tó Rọ̀ fún Mọ́tò Mọ́mì Pírínsípà

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ní Ìkẹ́rẹ́ ni pé àpò ìrẹsì mélòó ni mo gbé wọlé. Èkejì ni pé ṣé mo lè bá wọn wá tọ́kí inú yìnyín. Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ mi, nítorí wọ́n ti fún mi ní òmíràn: Kùtọnu. Gbogbo ẹni tó bá ti gba ẹnubodè wọlé, Kùtọnu ni lójú wọn, wọ́n sì gbà pé kò sí iṣẹ́ mìíràn tí à ń ṣe lọ́hùn-ún ju ká máa gbé ìrẹsì gba inú igbó lọ.

Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo ní Yorùbá ni mí, ọmọ Kétu.

"Kétu! Mo mọ Kétu dáadáa," ni ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa wí. "Àbúrò ìyàwó mi ń gbé níbẹ̀. Ṣebí kò jìnnà sí Ọjọ́ta?"

"Kétu ti Èkó nìyẹn. Kétu tèmi wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀."

"Bìní?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí ló wá dé tí o kò gbọ́ Ẹ̀dó?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fara mọ́ Kùtọnu.

N kò ní sọ bí mo ṣe rìn ín dé. Ẹni tó bá ti rìnrìn àjò rí mọ̀ pé eruku ló pọ̀ jù nínú ìtàn ojú ọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ní Kùtọnu, níbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò tí àwọn òyìnbó ti lò kù, ni mo ti kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti mú kí mọ́tò tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan dà bí èyí tí kò rí nǹkan kan rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi fọ̀ wọ́n, tí mo fi pólíìṣì pa wọ́n lára. Nígbà tí mọ́tò kò wọ ibẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, Ọ̀gá Ajíbádé, pẹ́ńtà mọ́tò kan tó wá bá oníbàárà rẹ̀ ra ọkọ̀, rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó ní kí n máa bọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Ó ní òun ní ṣọ́ọ̀bù ńlá lójú ọ̀nà Adó.

Ṣọ́ọ̀bù ńlá náà jẹ́ páànù mẹ́fà lórí òpó igi, pẹ̀lú igi máńgòrò kan tó ń bá páànù náà pín iṣẹ́ ìbòòji ṣe. Ṣùgbọ́n kí n tó lo ọ̀sẹ̀ kan, Ọ̀gá ti gbé pátákó tuntun síta: ONÍṢẸ́ WA KỌ́ṢẸ́ LÓKÈ ÒKUN.

Mo ní, "Ọ̀gá, n kò kọjá òkun kankan wá o. Ilẹ̀ ni mo gbà."

Ó ní, "Ṣé òkun wà ní Kùtọnu?"

"Ó wà, sà."

"Ṣé ó wà ní Ìkẹ́rẹ́?"

"Kò sí, sà."

"Ó tán nìyẹn."

Oníṣẹ́ òkè òkun yìí, odidi oṣù méje ni wọ́n fi ní kó máa fọ táyà. Ọ̀gá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i pé ẹlòmíràn ń fọwọ́ kan ara mọ́tò. Pátákó ni èmi wà fún.

Èdè ló kọ́kọ́ lé mi wọ yàrá. Mo ti rò pé Yorùbá ni mo ń bọ̀ wá bá, àfi bí ìyá onílé mi ṣe ní kí n bá òun gbé uṣu wọ ulé. Mo dúró bí òpó. Ó nawọ́ sí iṣu, ó nawọ́ sí ilé, ó wá nawọ́ sí orí ara rẹ̀, ó mi orí náà, ó ń ṣàánú mi. Nígbà tó yá, mo rí i pé bí èèyàn bá fi u rọ́pò i, ọ̀rọ̀ á máa lójú. Mo wá fi ṣe àṣejù. Níbi ìpàdé àdúrà àdúgbò, wọ́n ní kí n ka Bíbélì, mo sì ka orúkọ àwọn ọmọ Úsírẹ́lì sókè ketekete. Pásítọ̀ ní kí a dìde fún orin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin kò kàn, kí àwọn èèyàn lè ríbi rẹ́rìn-ín sí.

Èkejì ni iyán. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún ìyá onílé pé iyán kò wù mí jẹ lónìí. Ó gbé ọwọ́ lé mi níwájú orí. Ó bi mí bóyá ká lọ sí ọsibítù.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo máa ń pe ìyá mi ní Kétu.

"Ṣé wọ́n ń fún ọ jẹun?"

"Wọ́n ń fún mi, Ìyá. Iyán ni."

"Àná ńkọ́?"

"Iyán."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Ìyá, ọ̀la kò tíì dé."

"Bó bá dé, iyán ni." Ó pòṣé. "Kí ni wọ́n fi ọ́ ṣe níbẹ̀ gan-an?"

Mo ní ọ̀gá ni mí, àwọn mẹ́rin ló wà lábẹ́ mi. Inú rẹ̀ dùn, mo sì gbọ́ tó ń sọ fún aládùúgbò tó wà nítòsí. N kò kúkú parọ́ tán. Àwọn mẹ́rin náà wà lábẹ́ mi lóòótọ́, lójoojúmọ́. Róbà ni wọ́n.

Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn irú ìpè bẹ́ẹ̀, màá máa gbọ́ odó iyán ní ilé kejì, màá máa rò ó. Àlejò tí èdè rẹ̀ yàtọ̀, wọ́n á fi sùúrù gbọ́ ọ, wọ́n á ní ẹ jọ̀wọ́ ẹ máa rántí pé àlejò ni. Èyí tí èdè rẹ̀ jọ tiwọn, gbogbo ibi tó bá ti ṣì í sọ, wọ́n á ní kò gbọ́n ni. Ká ní ìlú òyìnbó ni mo lọ, ǹ bá ní ohun tí mo lè dì mú pé òtútù ni, àwọ̀ ni, èdè ni. Ní Ìkẹ́rẹ́, oòrùn tó ń pa mí ni oòrùn Kétu, orin ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń kọ, mo mọ ọ́n. Síbẹ̀, n kò rẹ́ni pe orúkọ mi.

Lóṣù kẹjọ ni mọ́tò Mọ́mì Pírínsípà dé.

Kò sẹ́ni tí kò mọ obìnrin náà. Ó ti ṣe tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́, ó ṣe pírínsípà ní Ìsẹ̀ àti ní Ẹmùré, kó tó fẹ̀yìn tì sílé ní Ìkẹ́rẹ́. Ìdajì àwọn àgbà ìlú ló ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ rí, tí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Nígbà tí fèrè mọ́tò rẹ̀ dún lẹ́nu ọ̀nà, Ọ̀gá Ajíbádé, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ju pákò ẹnu rẹ̀ nù, ó sì ki ẹ̀wù bọ inú ṣòkòtò.

Mọ́tò náà dúdú bí ìgbín tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Japan ni wọ́n ti ṣe é. Òun ló fi ṣe ara rẹ̀ lóore nígbà tó fẹ̀yìn tì. Kò gbé e lọ síbi kankan ju ṣọ́ọ̀ṣì àti báńkì lọ, aṣọ ló sì ń fi bò ó nílé. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n fi í jẹ Ìyá Ìjọ. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wá rò ó pé àwọn gbọ́dọ̀ fi ìfẹ́ hàn sí i. Nígbà tó wà nínú ìpàdé, wọ́n bá a fọ mọ́tò rẹ̀. Kànìnkànìn ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, èyí tó ti bọ́ sórí yanrìn bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n ń kọrin ìyìn, wọ́n ń gbo ó bí ẹni tó ń fọ ìkòkò ìdí iná.

Lábẹ́ ìbòòji, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ọ̀gá wa tì í síta sínú oòrùn, gbogbo wa sì kígbe. Láti iwájú dé ẹ̀yìn, òrùka lórí òrùka, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, bí ẹni pé gbogbo aláǹtakùn Ìkẹ́rẹ́ ló pàdé síbẹ̀ láti ta òwú.

"Ajíbádé," ni Mọ́mì wí.

"Mà!"

"Kí ni o rí lára mọ́tò yìí?"

"Ó ti họ, mà."

"Gbólóhùn kíkún."

"Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti họ mọ́tò yín lára, mà."

"Ó dára. Ta ló lè tún un ṣe?"

Gbogbo èèyàn ló lè tún un ṣe. Oníwáyà mọ́tò tó wà lódìkejì wa ní kí wọ́n fi kẹrosíìnì nù ún. Ẹni tó ń lẹ táyà ní ọṣẹ ìfọyín ló dára jù, èyí tó funfun, kì í ṣe èyí tó ní ìlà pupa. Tíṣà kan tó ń kọjá lọ dúró láti sọ pé òróró àgbọn ni, pé ẹ̀gbọ́n òun kan ní Ìlawẹ̀ lò ó, mọ́tò náà sì ń dán títí wọ́n fi tà á. Ọ̀gá gbọ́ gbogbo wọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wọlé, ó sì gbé agolo kọ́mpáǹdì jáde.

Kọ́mpáǹdì ni pólíìṣì oníyanrìn tí àwọn pẹ́ńtà fi ń họ ojú ọ̀dà kó tó dán. Iṣẹ́ agbára ni, Ọ̀gá sì ní agbára. Ó bu ú sórí àkísà, ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó sì dojú kọ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà bí ẹni tó ń gún iyán fún àlejò ogún. Òógùn rẹ̀ ń kán sórí mọ́tò. Àwọn èèyàn ń kí i kú iṣẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó nu ojú ibẹ̀, ó sún sẹ́yìn kí a lè rí i.

Ibẹ̀ ti di eérú. Ó ràn bàìbàì bí dígí tí èèyàn mí sí.

"Kò tíì gbẹ ni, mà," ni Ọ̀gá wí.

Mọ́mì fi ìka kan án. "Ó ti gbẹ, Ajíbádé."

"A jẹ́ pé kò tíì jinná." Ó tún ti ọwọ́ bọ inú agolo.

N kò mọ ìgbà tí mo dìde nídìí táyà. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Fún oṣù méje, n kò lanu sọ̀rọ̀ níwájú oníbàárà rí.

"Ta nìyẹn?" ni Mọ́mì béèrè.

"Kùtọnu ni, mà. Ẹ má dá a lóhùn. Òun ló ń bá wa fọ táyà."

Mọ́mì yíjú sí pátákó, ó kà á tán, ó tún un kà. "Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lókè òkun dà?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀. "Òun... òun náà ni, mà."

"Ọ̀gbẹ́ni, súnmọ́ ibí. Ṣàlàyé."

Mo nu ọwọ́ mi. Mo sọ fún un pé gbogbo ọ̀dà mọ́tò kọ́ ló rí bákan náà. Òmíràn le, o lè gbo ó bó ṣe wù ọ́. Òmíràn sì rọ̀ bí ìpéǹpéjú. Omi dídán tí wọ́n fi bo ọ̀dà tirẹ̀ lójú jẹ́ èyí tó rọ̀. Nǹkan kékeré ló ń họ ọ́, àkísà líle nìkan ti tó. Bó ṣe wá jẹ́ dúdú, kò lè fi nǹkan kan pa mọ́. Bí a bá fi ohun tó le lé ohun tó le jáde lára rẹ̀, ẹgbò tuntun la ó fi bo ẹgbò àtijọ́.

"Kí la ó fi ṣe é?"

"Èyí tó rọ̀ jù, mà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a lè gun òkè díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ti họ kúrò, a kò lè dá a padà."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wá àṣìṣe nínú ìwé. Kò rí i, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i pé kò rí i. "Ọjọ́ mẹ́ta," ó wí. "Èmi fúnra mi ni màá jókòó tì ọ́."

Ọ̀gá fà mí lọ sẹ́yìn igi máńgòrò. "Gbọ́ o. Bí ó bá bàjẹ́, ìwọ ló bà á jẹ́, kí o di ẹrù rẹ máa lọ sí Kùtọnu. Bí ó bá dára, àwa la ṣe é."

Pólíìṣì mẹ́ta ló wà níwájú mi nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Agolo kọ́mpáǹdì Ọ̀gá. Èyí tó tẹ̀ lé e, tó rí bí ògì tí wọn kò sẹ́ dáadáa. Ẹ̀kẹta wà nínú ìgò tí mo gbé láti ilé, ó funfun bíi wàrà. Mo ní kí Mọ́mì fi ìka méjì pa ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ó pa ti àkọ́kọ́, ó fajú ro. Ó pa ti èkejì, ó mi orí. Ó pa ti ẹ̀kẹta títí, kò rí nǹkan kan láàárín ìka rẹ̀.

"Kò sí nǹkan nínú èyí."

"Ó wà níbẹ̀, mà. Ó kúnná ni."

"Ṣé kì í ṣe ìpara ọmọ ọwọ́ nìyẹn?" ni oníwáyà kígbe láti òdìkejì.

Mo fọ mọ́tò náà pẹ̀lú omi púpọ̀ kí eruku kankan má baà ṣẹ́ kù. Mo gbé e sábẹ́ páànù títí ara rẹ̀ fi tutù. Mo wá lọ sẹ́yìn, lápá ìsàlẹ̀ bùútù, níbi tí ojú kì í dé, mo fi fóòmù rírọ̀ kékeré kan dán an wò níbi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Yípo, yípo, láìtẹ̀ ẹ́. Mo fi aṣọ rírọ̀ gbé e kúrò. A tì í sínú oòrùn, èmi àti Mọ́mì sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Níbi gbogbo, òwú aláǹtakùn. Níbi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ yẹn, ojú Mọ́mì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀ àti ìlà ẹnu rẹ̀ méjèèjì.

Ó gbé àga rẹ̀ súnmọ́ tòsí.

Ọ̀gá ní kí n wá lo máṣíìnì òun kí iṣẹ́ lè yá. Máṣíìnì náà, irin ni wọ́n ń fi gé tẹ́lẹ̀. Mo ní ọwọ́ tó, sà. Ó lọ jókòó, ó ń wo ọwọ́ mi tó ń lọ wọ́ọ́rọ́, ó ń wo àwọn èèyàn tó ń wò mí, ìtìjú sì mú un. Ẹnì kan bi í pé ṣé oníṣẹ́ rẹ̀ kò jẹun láàárọ̀ ni. Àwọn tó ń lọ ọjà dúró, wọ́n kí wa, wọ́n dúró sí i, wọn kò rí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Kò sí eré nínú iṣẹ́ jẹ́jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì iṣẹ́ náà, fóònù Mọ́mì dún. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni, láti Kánádà, ojú rẹ̀ hàn lórí fóònù. Mọ́mì dìde, ó gbé fóònù náà yí mọ́tò ká kó lè rí iṣẹ́ tí à ń ṣe.

"Mọ́mì, n kò rí nǹkan kan tó ṣe é. Ẹ ò bá ti tà á. Màá pè yín padà, wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́."

Ojú fóònù ṣókùnkùn. Ó ṣì gbé e dání fún ìgbà díẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ mọ́tò náà.

"Ọwọ́ rẹ̀ dí," ó wí. "Ọ̀gá ni níbẹ̀." Mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. "Ìyá tìrẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní Kétu, mà. Mo máa ń pè wọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi."

"Kí ni o máa ń sọ fún un?"

Ọwọ́ mi dúró. "Pé ọ̀gá ni mí, mà."

Ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ó wo èmi àti fóòmù mi. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀, èmi náà sì bá a rín in. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Nígbà tó tán, ó bi mí pé kí lorúkọ mi, mo sì sọ ọ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì kí ahọ́n rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kẹta ni ìjà dé. Gbogbo òwú aláǹtakùn ti lọ. Eérú tí Ọ̀gá dá sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbà mí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó lọ. Ó ku ilà kan ṣoṣo, gígùn, lápá ọ̀tún bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mọ́mì mọ ibi tó ti wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya mọ́tò náà sí mímọ́, àlejò oníwàásù kan gbé ọwọ́ lé e, òrùka ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀mí sì gbé e. Ó mi mọ́tò náà títí àdúrà fi parí.

"Yọ èyí náà," ni Mọ́mì wí. "Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà yẹn."

Mo fi èékánná wọ́ ọ kọjá, èékánná há sínú rẹ̀. "N kò lè yọ ọ́, mà. Ó ti jìn jù. Mo lè mú kó rẹlẹ̀ lójú. Bí mo bá ní kí n pa á rẹ́, màá dé ara irin."

"Níwájú gbogbo ìjọ ni màá gbé mọ́tò yìí dé, pẹ̀lú ilà?"

Ọ̀gá ti dé. Kọ́mpáǹdì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mà, ẹ fi sílẹ̀ fún èmi. Èmi lè yọ ọ́. Ọwọ́ ọmọ yìí kò lágbára ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

Mo ro ti ẹrù mi. Kò pọ̀, n kò ní pẹ́ dì í. Mo ro ohun tí màá sọ fún ìyá mi. Síbẹ̀, mo dúró sí àárín Ọ̀gá àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ n kò rò ó rí pé mo lè dúró síwájú ẹni tó ń fún mi níṣẹ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀wọ́, mà."

Mọ́mì bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná tirẹ̀ wọ́ ilà náà kọjá. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó pẹ́ kó tó gbórí sókè.

"Nígbà tí mo wà ní Ẹmùré," ó wí, kò dojú kọ ẹnikẹ́ni nínú wa, "ọmọbìnrin kan wà tó máa ń pẹ́ dé. Ọmọ tó gbọ́n ni. Mo ní mo fẹ́ tún un ṣe pátápátá, kó má kù síbì kan. Mo nà án níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Kò pẹ́ dé mọ́." Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ìró. "Kò wá mọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé òun ló ń gbọ́únjẹ fún àwọn àbúrò rẹ̀ kó tó gbéra láti oko."

Oníwáyà tó fẹ́ sọ nǹkan pa ẹnu dé.

"Ajíbádé, gbé agolo yẹn sílẹ̀."

"Mà..."

"Mo ní gbé e sílẹ̀. Ilà náà á dúró."

Lọ́jọ́ Ìsinmi ìwúyè, ó ní kí n wá sí ìjọ wọn. Mo jókòó lẹ́yìn. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n fi òróró sí i lórí, wọ́n kọrin. Nígbà tí ìsìn parí, gbogbo ìjọ tú síta, oòrùn sì ti dúró sórí mọ́tò náà gangan. Ẹ ò bá rí i. Ó ń dán bí ẹni pé ó ṣì tutù. Igi, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, fìlà àwọn baba, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Bàbá Ìjọ ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ọkọ̀ jíìpù dúdú tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó dà bí ẹni tó jí láìbọ́jú. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sì ti ń yọ aṣọ ìnujú láti bá Mọ́mì nu mọ́tò rẹ̀ sí i. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í na jáde láti ibi gbogbo, ọwọ́ òrùka, ọwọ́ ẹ̀gbà, ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkàrà. Mo sáré síwájú.

"Ẹ káwọ́ sẹ́yìn!"

Ohùn pírínsípà ni. Gbogbo ìjọ káwọ́ sẹ́yìn. Àwọn akọrin káwọ́ sẹ́yìn, alága àwọn àgbà ọkùnrin káwọ́ sẹ́yìn, pásítọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró sí i lórí káwọ́ sẹ́yìn pẹ̀lú ìgò òróró náà. Bàbá Ìjọ ló ká tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Wọ́n tò, wọ́n sì yí mọ́tò náà ká lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mi orí bí ẹni tó ń wo òkú èèyàn pàtàkì. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ilà wà, wọ́n bi Ìyá Ìjọ tuntun léèrè. Ó ní àdúrà ni. Wọ́n ní àmín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ òótọ́ fún ìyá mi. Mo ní n kò ní ẹnikẹ́ni lábẹ́ mi. Mo ní mọ́tò kan ṣoṣo ni mo fi ọjọ́ mẹ́ta rọra pa lára.

"Mo mọ̀," ó wí.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ. Ọ̀gá kì í ráyè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ́ tó báyìí." Ó wá ní, "Mọ́tò ọ̀hún, ṣé ó dán?"

"Ó dán, Ìyá."

"Ó dára. Ìyẹn ni màá sọ fún wọn."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí a tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Ìjọ ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú jíìpù rẹ̀. Ó kí Ọ̀gá, kò kí mi. Ó ní òun fẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún Mọ́mì, ṣùgbọ́n kí wọ́n má lo wàrà obìnrin yẹn fún òun. Ó ní ọkùnrin ni òun, èyí tó le ni kí wọ́n lò. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ kó jókòó sábẹ́ igi. Ó sọ fún un pé èyí tó le ni, ó le gan-an, àwọn kì í fi í hàn ni. Ó wọlé, ó sì gbé ìgò funfun mi jáde.

Ó dúró níwájú jíìpù náà fún ìgbà díẹ̀. Kò wò mí.

"Báwo lo ṣe di fóòmù yẹn mú?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Mo fi hàn án. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé ara mọ́tò, èjìká rẹ̀ sì ti ń múra ìjà. Mo rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn kì í gbọ́wọ́ lé ọwọ́ àgbà kọ́ ọ níṣẹ́. Mo gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ rọra, Ọ̀gá."

"Mo ti rọra."

"Ẹ tún rọra sí i."

Ó mí kanlẹ̀. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Lábẹ́ ọwọ́ mi, ọwọ́ ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yípo, jẹ́jẹ́ bí ọwọ́ ẹni tó gbé ẹyin.

"Ajíbádé!" ni Bàbá Ìjọ ké láti abẹ́ igi. "Ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀?"

Ọ̀gá kò gbórí sókè. "A ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan, sà."